Ọdẹ, Síìmù àti Òpó Kan Ṣoṣo: Bí Ìròyìn Olè Ṣe Ń Rìn ní Màsífà

Bí ẹ bá gba Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ Màsífà lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọdún, ilé tó bá kọ́kọ́ fa ojú yín mọ́ra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé títì ni wọ́n tì í. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé onígíláàsì dúdú, géètì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ góòlù, koríko ti ń yọ láàárín bíríkì tí wọ́n tẹ́ síta. Onílé wà ní Abidjan, ó ń ṣòwò ní Treichville tàbí Adjamé, ó di oṣù Kejìlá kó tó wálé. Láti ayé àwọn amúnisìn ni àwọn ará Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ti ń lọ sí Côte d'Ivoire. Ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò, ó ń gba Cotonou, Lomé àti Accra kọjá títí dé ọ̀hún, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ sì ń sọ Faransé láàárín ọjà wa. Owó ọ̀hún ló kọ́ àwọn ilé tí mò ń wí yìí. Èmi ni mo máa ń so aláàmù mọ́ ògiri ọ̀pọ̀ nínú wọn: àpótí kékeré kan tó ní síìmù nínú, tí yóò pe onílé lórí fóònù bí ẹnikẹ́ni bá já ilẹ̀kùn.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, inú rẹ̀ ni mo sì ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí nípa rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Mo ti ṣí ọ̀pọ̀ àpótí tó ti kú sára ògiri láti ìgbà pípẹ́ láìjẹ́ pé onílé mọ̀, láìjẹ́ pé aládùúgbò mọ̀. Àwọn tó ṣọ́ ìlú yìí ṣáájú wa ní ọ̀nà tí gbogbo ilé fi ń mọ̀ ní wákàtí wákàtí pé ẹ̀ṣọ́ ṣì wà lójúfò. Ọwọ́ wa ni ọ̀nà náà ti bọ́, nígbà tí a gbé ìṣọ́ lé síìmù lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá.

Ní ayé ogun, etí ni ìlú fi ń wà láàyè. Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837, àwọn èèyàn sì rọ́ wá sí ìhà gúúsù, sí ilẹ̀ tó di tiwa yìí. Ní nǹkan bí 1840 ni ọmọ ogun Ìbàdàn pàdé ti Ìlọrin lójú ogun ní Òṣogbo. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àdéhùn 1886 dá a dúró, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní bùdó. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìlú tó bá ní odi àti yàrà kì í ṣàìní alóre, ẹni tí wọ́n fi sí ibi gíga kó máa wo òréré. Oníbodè wà lẹ́nu bodè, ó mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Ọdẹ wà nínú igbó, ó ń wo ipasẹ̀. Ìlù wà láàfin, agogo wà lọ́wọ́ akéde. Gbogbo wọn ló ń gbé ìròyìn kan náà, ẹsẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn. Bí ọ̀tá bá pa alóre, oníbodè ṣì wà. Bí bodè bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ìlù ṣì lè dún.

Ìbòsí ni ti ẹni tí kò ní oyè kankan. Obìnrin tó jí lóru tó rí àjèjì nínú àgbàlá rẹ̀, ohùn rẹ̀ ni ohun ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́. Bó bá ti ké e, ẹni tó bá gbọ́ tí kò jáde yóò rí ẹjọ́ rò lọ́jọ́ kejì níwájú àwọn àgbà agbo ilé. Èyí ló mú kí ìbòsí ní agbára: ìdáhùn jẹ́ ojúṣe gbogbo etí tó bá gbọ́.

Nígbà tí ogun dópin, iṣẹ́ ìṣọ́ bọ́ sọ́wọ́ ọdẹ aṣọ́de. Ilé kọ̀ọ̀kan ń dá owó lóṣooṣù, wọ́n ń fún ọdẹ. Mo mọ ọ̀kan dáadáa nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá kan tó sanra díẹ̀, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Ohun tó máa ń gbé jáde lálẹ́ kò pọ̀: ìbọn ṣakabùlà, tọ́ọ̀ṣì onírin, fèrè tó so okùn mọ́ kó lè fi kọ́ ọrùn, àti irin kúkúrú kan tí wọ́n gé lára sípíríìnì lọ́rì. Irin yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Òpó iná onírin kan wà ní orítà wa. Bí aago kan bá lù, bàbá yóò fi irin náà gbá òpó lẹ́ẹ̀kan. Aago méjì, ẹ̀ẹ̀mejì. Aago mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta. Irin lílù máa ń dún wọ inú yàrá lóru, kì í sì í jí ọmọdé tó ti mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò fọn fèrè, ọdẹ tó wà ní àdúgbò kejì yóò fọn tirẹ̀ dá a lóhùn, ìyẹn náà yóò sì gbá òpó tirẹ̀.

Oorun kì í gbé ìyá mi lọ kó má ka lílù yẹn. Lóru ọjọ́ kan, aago méjì kọjá, ohunkóhun kò dún. Mo gbọ́ tí ìyá mi rọra fọwọ́ kan bàbá mi. "Ẹ gbọ́, ọdẹ ò tíì lù o." Bàbá mi ní kó fara balẹ̀. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀, ẹnìkan pariwo láti ojú fèrèsé agbo ilé kejì, "Bàbá ọdẹ ò!" Fèrè tó dáhùn jẹ́ ti òdìkejì, kì í ṣe tiwa. Àwọn ọkùnrin mú àdá, wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n jáde. Ẹ̀bá ògiri ilé ìjọsìn kan ni wọ́n ti bá bàbá, ibà ti gbé e ṣánlẹ̀, ara rẹ̀ ń gbóná janjan, irin ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olè kankan kò wá lóru ọjọ́ náà. Àìdún irin nìkan ló lé àwọn èèyàn jáde, òun náà ló sì gba bàbá là.

Mo ti ń ronú lórí alẹ́ yẹn láti ìgbà tí mo ti ń fi aláàmù sílé. Ọdẹ yẹn kì í dúró de olè kó tó sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo wákàtí, kí ìlú lè fura bó bá dákẹ́.

Ìròyìn tó ń jáde kúrò ní ìlú kò yá bíi ti inú ìlú. Ní 1886 ni wọ́n tẹ́ wáyà tẹligíráàfù sábẹ́ òkun láti Èkó dé London, àwọn oníṣòwò ńlá àti ìjọba sì ni wọ́n tẹ́ ẹ fún. Ìjọba dá NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù rẹ̀, sílẹ̀ ní 1985. Nígbà tí ó fi máa di 2001, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, àwọn èèyàn orílẹ̀-èdè sì ti lé ní mílíọ̀nù 100. Nínú ìlú bíi tiwa, ilé tó ní tẹlifóònù oníwáyà ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹni tó wà ní Abidjan ń gbọ́ ìròyìn ilé láti ẹnu awakọ̀, nínú lẹ́tà, tàbí nínú kásẹ́ẹ̀tì tí ìyá rẹ̀ gba ohùn sí. Bí wọ́n bá já ilé rẹ̀ lónìí, ìgbà tí ọkọ̀ bá padà dé ọ̀hún ni yóò tó mọ̀.

Oṣù Kẹjọ 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ GSM ní Nàìjíríà, Glo tẹ̀lé wọn ní oṣù Kẹjọ 2003. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dé ọ̀dọ̀ wa, a máa ń wá ibi tó ga dúró sí kí ohùn má bàa já. Ayọ̀ rẹ̀ kò kéré. Ìyá àgbà lè bá ọmọ rẹ̀ ní Abidjan sọ̀rọ̀ ní alẹ́ Sátidé. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń lọ Dubai àti China fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó aláàmù onísíìmù wá sí Èkó, àwọn ọ̀gá wa ní ọjà Alaba ń tà á, àwa sì ń gbé e wálé wá so.

Ibi tí ẹ̀rọ náà ti ṣẹ̀ wá yàtọ̀ sí ibi tó bá ara rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní 1853, Augustus Russell Pope gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí aláàmù oníná mànàmáná. Edwin Holmes rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1857, ó sọ ọ́ di òwò ní Boston. Nígbà tí tẹlifóònù dé, wáyà ló gbé òun àti aláàmù. Iná lè máa ṣàn nínú wáyà láìdúró, tó fi jẹ́ pé bí olè bá gé e, gígé náà yóò di ìròyìn ní ibùdó tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ. Ìwà irin ọdẹ gan-an nìyẹn. Nígbà tí olè wá gbọ́n tó ń gé wáyà kó tó wọlé, ni wọ́n fi rédíò àti síìmù kún un, kí ọ̀nà kejì lè sọ ohun tí ọ̀nà àkọ́kọ́ kò lè sọ mọ́. Ìlànà kan wà ní Yúróòpù, EN 50136, tó pín ọ̀nà tí aláàmù fi ń jíṣẹ́ sí ìpele ìpele gẹ́gẹ́ bí àkókò tó lè kọjá kí ibùdó tó mọ̀ pé ọ̀nà ti já. Ní ìpele ìsàlẹ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní ti òkè pátápátá, kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, wáyà kò sí. Síìmù, tí wọ́n fi ṣe àfikún lọ́hùn-ún, ló di gbogbo ẹ̀ṣọ́ ilé níhìn-ín. Ibùdó tí ẹnìkan ti ń jókòó ṣọ́ ọ kò sí pẹ̀lú. Àpótí náà kò ní sọ̀rọ̀ àyàfi bí olè bá dé, nítorí náà àpótí tó yè àti èyí tó ti kú, bákan náà ni ìdákẹ́jẹ́ wọn rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí ọ̀kan fún yín. Onílé náà kò tíì wálé láti ìgbà tí ó ti ṣílé. Ìwé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ géètì ṣì ń kìlọ̀ pé aláàmù wà níbẹ̀. Nígbà tí mo tú síkúrù àpótí, bátìrì inú rẹ̀ ti wú títí ó fi ya ike lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí iná ìjọba kì í pẹ́ níbẹ̀, bátìrì sì ti gbẹ láìmọye ìgbà. Eruku ọyẹ́ ti di mọ́ ara pátákó rẹ̀. Ọmọńlé ti yé ẹyin sí ẹ̀yìn tíránsífọ́mà. Mo yọ síìmù, mo fi aṣọ nù ún, mo kì í bọ inú fóònù mi: wọ́n ti ti ìlà náà pa.

Ìdí tí wọ́n fi tì í ló ká mi lára jù. Òfin NCC, àjọ tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, gbà pé bí ìlà kan bá lo oṣù mẹ́fà láìṣe ohunkóhun tó mú owó wọlé, ilé-iṣẹ́ lè tì í. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà náà. Òfin náà dára fún nọ́ńbà tí ẹni tó ni ín ti sọ nù. Ṣùgbọ́n síìmù inú aláàmù, tí olè kò bá wá, kò ní pe ẹnikẹ́ni. Ilé tó ní àlàáfíà fún ọdún kan yóò pàdánù ìṣọ́ rẹ̀ nítorí àlàáfíà náà. Mo ti bá a pàdé nílé púpọ̀ ju èyí kan lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà Abidjan. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kínní 2021, Côte d'Ivoire yí gbogbo nọ́ńbà fóònù wọn padà, láti orí díjíìtì 8 sí 10. Wọ́n fi 07 síwájú ti Orange, 05 síwájú ti MTN, 01 síwájú ti Moov. Fóònù tó wà lọ́wọ́ èèyàn, ẹni tó ni ín á tún un ṣe. Ta ni yóò sọ fún àpótí tó wà lára ògiri ní Màsífà? Gbogbo èyí tí a kọ nọ́ńbà olówó rẹ̀ sínú rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn ni kò lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ojúlé dé ojúlé ni mo ń lọ, tí mo ń tún wọn kọ, níbi tí mo bá ti rí kọ́kọ́rọ́ gbà.

Ọdún tó tẹ̀lé e, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí wọ́n dá ìpè tó ń jáde dúró lórí gbogbo ìlà tí wọn kò tíì so mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ìlà tó lé ní mílíọ̀nù 70 ni ó kàn. Síìmù aláàmù wà nínú wọn, torí pé ọ̀pọ̀ onílé ló rà á lẹ́bàá títì lọ́jọ́ tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ sí i. Onílé lè pe àpótí láti Abidjan, àpótí á gbé e, gbogbo rẹ̀ á dà bí ẹni pé ó pé. Ìpè tó ń jáde, tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ni kò sí mọ́.

Àwọn oníbàárà máa ń sọ fún mi pé, "Ẹ fi síìmù méjì sí i, ti ilé-iṣẹ́ méjì." Mo ń fi í sí i. Ṣùgbọ́n òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan wà ní agbègbè wa tí ilé-iṣẹ́ méjì jọ fi ẹ̀rọ wọn kọ́. Jẹnẹrétọ̀ kan ló ń gbé e, dísẹ́ẹ̀lì kan ló ń mu, àwọn bátìrì kan náà ló ń dúró lé bí dísẹ́ẹ̀lì bá tán. Lẹ́yìn ìjì òjò àkọ́rọ̀ ọdún kan, òpó náà kú, síìmù méjèèjì sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà oníWi-Fi tí àwọn kan rà kún un kú pẹ̀lú, nítorí ráútà tó ń fún un ní datà, síìmù ló ń lò, òpó yẹn ló sì kọjú sí. Ọ̀nà mẹ́ta ni onílé san owó rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà jáde. Àwọn àgbà ayé ogun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní fi alóre, oníbodè àti onílù sí orí àga kan ṣoṣo.

Nígbà mìíràn, ibi tó ti já kò sí nítòsí wa rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà mẹ́rin tó wà lábẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Abidjan. Iṣẹ́ àwọn báǹkì kan dàrú ní Nàìjíríà, íntánẹ́ẹ̀tì Côte d'Ivoire fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Kámẹ́rà tó wà ní Màsífà ń wo géètì bó ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí kọ̀ǹpútà tó wà lókè òkun kó tó padà dé ọwọ́ onílé. Àwọn oníbàárà mi ní Abidjan kò rí ilé wọn. Àwọn tí ìpè lásán ṣì gbà fún ló ń pè mí pé kí n bá wọn lọ wò ó lẹ́sẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ní Amẹ́ríkà, AT&T pa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì 2G rẹ̀ ní ìparí ọdún 2016, ó pa 3G ní oṣù Kejì 2022, àwọn ilé-iṣẹ́ aláàmù sì bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí wọ́n tó tì í, nítorí ọ̀kẹ́ àìmọye àpótí ló ṣì wà lára ògiri tí kò mọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì míì. Àpótí tí à ń lò ní Màsífà, 2G ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Ọjọ́ tiwa náà ń bọ̀.

Ẹ tún wo ọ̀nà tí ìròyìn náà ń gbà. Olè já ilẹ̀kùn ní Màsífà ní aago méjì òru. Àpótí pe Abidjan. Lójú títì, láti Èkó dé Abidjan nìkan lé ní kìlómítà 1,000. Màmá tó ni ilé, tó wà lọ́hùn-ún, ta jí, àyà rẹ̀ já, ó ń wá nọ́ńbà ẹni tó lè pè ní Màsífà. Ó pe àbúrò rẹ̀, kò gbé e. Ó pe èmi. Èmi pe ọdẹ. Ọdẹ náà sì wà ní orítà, ilé mẹ́rin péré ló wà láàárín òun àti ilẹ̀kùn tó já.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 2018, nígbà tí àwọn adigunjalè wọ Ọ̀ffà, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n pa àwọn ọlọ́pàá, wọ́n ja àwọn báǹkì lólè, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí aráàlú sì ṣòfò. Aláàmù tó bá pe àgọ́ yẹn nìkan lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá dá a lóhùn? Àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù gbé ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kínní 2020, inú mi sì dùn pé àwọn ọdẹ wà nínú rẹ̀, torí wọ́n mọ igbó.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí. Àpótí tí mo bá so gbọ́dọ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí fóònù mi ní aago mẹ́jọ alẹ́ lójoojúmọ́, pé òun wà. Ó ń ná onílé ní owó díẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ìlà náà máa mówó wọlé, kí wọ́n má tì í pa. Èyí tí kò bá jíṣẹ́, mo lọ wò ó lọ́jọ́ kejì. Mo ń fi síréènì ńlá síta, torí síréènì kò nílò òpó kankan kí aládùúgbò tó gbọ́. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú àpótí jẹ́ ti aládùúgbò, ìkejì ti ọdẹ, onílé Abidjan ni ìkẹta. Àwọn kan kò kọ́kọ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá kan bi mí lórí fóònù pé, "Ọmọ mi, ṣé màá tún máa dá owó ọdẹ lẹ́yìn gbogbo owó tí mo fi ra ẹ̀rọ?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Bí ẹ̀rọ yín bá ké, ọdẹ náà ló máa lọ." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè iye tó jẹ ọdẹ sẹ́yìn.

Ìbéèrè rẹ̀ kò yà mí lẹ́nu, torí ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Láti ìgbà tí aláàmù ti dé, owó tí àwọn ilé Abidjan ń dá fún ọdẹ ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ilé wọn ló ní ohun tí olè ń wá jù. Àwọn ọdẹ tó kù ti dàgbà, àwọn ọ̀dọ́ kò sì fẹ́ gba iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kì í dé. Mo fẹ́ kí àjọ NCC ya síìmù inú ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára ti èèyàn, kí oṣù mẹ́fà ìdákẹ́jẹ́ má máa pa á, kí àwọn ilé-iṣẹ́ sì máa sọ fún àwa tó ń fi ẹ̀rọ sílé èwo nínú wọn ló jọ wà lórí òpó kan, kí a lè mọ síìmù tí a ó mú. Ní tèmi, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn mi: ẹni tó bá jẹ ọdẹ àdúgbò ní gbèsè yóò kọ́kọ́ san án kí n tó gbé àpótí wá sílé rẹ̀.